Ẹni Tó Rí Ọkọ̀ Náà

Ọjọ́ tí wọ́n dáná sun àwọ̀n Akínlolú ni Toyyibah kọ́kọ́ rí i.

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ni, ní èbúté tó wà lẹ́yìn Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́. Ìgbìmọ̀ apẹja tí bàbá Toyyibah, Alhaji Bísíríyù, jẹ́ alága rẹ̀ ti fi òfin lélẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ pẹja nínú ọ̀sà mọ́, nítorí irú àwọ̀n bẹ́ẹ̀ ń kó ọmọ ẹja kí wọ́n tó dàgbà. Wọ́n gé igi kan tó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta. Àwọ̀n tí igi náà kò bá lè gba ojú rẹ̀ kọjá, iná ni. Ojú Alhaji ti ń ṣe bàìbàì, nítorí náà Toyyibah tó jẹ́ akọ̀wé ìgbìmọ̀ ló ń di igi náà mú.

Ó ti wọn àwọ̀n mọ́kànlá kó tó kan ọ̀dọ́mọkùnrin Ìlàjẹ kan tó ga, tó dúdú, tó sì rọra ń tú àwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni ń tẹ́ ẹní fún àlejò. Igi náà kò kọjá. Toyyibah gbìyànjú rẹ̀ níbi mẹ́ta.

"Kò gbà á," ni ó sọ.

"Mo rí i," ni ọkùnrin náà dáhùn.

Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ti pariwo, òmíràn nínú wọn ti ṣépè. Eléyìí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gba ìṣáná lọ́wọ́ Ùsámà, àbúrò Toyyibah tó jẹ́ olórí àwọn tó ń ṣọ́ omi, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tiná bọ àwọ̀n náà. Ó dúró tì í títí ó fi jó tán. Lẹ́yìn náà ló wá yíjú sí Toyyibah.

"Àǹtí, ìwé wà lọ́wọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ìbéèrè kan sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ ń ṣe òfin yìí, ta ló jókòó níbẹ̀ fún àwa?"

Toyyibah kọ ọ́. Ó béèrè orúkọ rẹ̀, ó sì kọ ìyẹn náà.

Nígbà tí wọ́n délé, kò jẹ́ kí bàbá rẹ̀ sinmi.

"Bàbá, ta ló jókòó fún wọn?"

"Fún àwọn wo?"

"Àwọn Ìlàjẹ. Ọ̀sà kan náà la jọ ń jẹ. Láti ìgbà wo ni wọ́n ti wà níbí?"

"Kí wọ́n tó bí mi ni wọ́n ti wà níbí," ni Alhaji Bísíríyù sọ.

Ó gba ìpàdé mẹ́rin. Àwọn àgbà kan ní àlejò ni àwọn tó wá láti etíkun Oǹdó, pé àlejò kì í bá onílé ṣòfin. Àwọn mìíràn ní òfin tí Ìlàjẹ kò bá lọ́wọ́ sí, Ìlàjẹ kò ní pa á mọ́. Níkẹyìn wọ́n fún wọn ní àga méjì nínú ìgbìmọ̀. Abúlé wọn sì yan Akínlolú sí ọ̀kan, torí òun ló béèrè.

Báyìí ló ṣe di pé Akínlolú ń wá sí Ẹ̀pẹ́ ní gbogbo Sátidé méjì-méjì. Bí ìpàdé bá tú ká, kì í tètè lọ. Ó ń hun àwọ̀n tuntun, a sì máa gbé e wá kí Toyyibah wọ̀n ọ́ nígbà tí kò tíì hun dé ìdajì.

"Ṣé ó gbà á?" ni ó máa ń béèrè.

"Ó gbà á."

"Ẹ ò ṣe jẹ́ kí n tún gbé e wá lọ́la kí ẹ tún un wò?"

"Ojú àwọ̀n kì í fún mọ́jú."

"Mo mọ̀. Mo kàn ń wá ohun tí màá rí sọ tí n óò fi wá lọ́la ni."

Toyyibah rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó gbàgbé igi ìwọ̀n sórí ìkòkò ìyá rẹ̀.

Ní ọjọ́ ọjà Ejinrin, Akínlolú fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé Toyyibah àti apẹ̀rẹ̀ ẹja yíyan mẹ́rin tí ìyá Toyyibah fẹ́ kó tà. Nígbà tí wọ́n dé àárín omi, ó gbé àjẹ̀ tó fi ń wa ọkọ̀ dúró.

"Kí ni oríkì rẹ?"

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Gbogbo ayé ló ń pè ẹ́ ní Toyyibah. Mo fẹ́ ohun tí èmi nìkan á máa pè."

"Àwẹ̀ró," ni Toyyibah sọ, ojú ń tì í.

Ó pè é lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò. "Àwẹ̀ró. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Mo mọ ilé tí mo ti wá, mo mọ ilé tí o ti wá. Mo rò ó títí, mo sì rí i pé mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́."

"Èmi náà nífẹ̀ẹ́ rẹ, Akin," ni Toyyibah sọ. "Ẹ̀rù sì ń bà mí."

Ìdí wà tí ẹ̀rù fi ń bà á. Nígbà tó sọ fún bàbá rẹ̀, Alhaji kò bínú, ìyẹn gan-an ló sì burú jù.

"Ọmọ dáadáa ni Akínlolú," ni Alhaji sọ. "Bí n bá ń wá ẹni tí màá fi ọ̀sà yìí sílẹ̀ fún, òun ni màá pè. Ṣùgbọ́n ọmọ mi kò ní fẹ́ ẹni tí kì í kírun. Má tún bá mi sọ ọ́."

Ní abúlé Ìlàjẹ náà, bákan náà ni. Opó ni Caroline, ìyá Akínlolú, ọmọ méjì péré ló sì bí: Nathaniel tó jẹ́ àgbà, àti Akínlolú. Àtìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, Nathaniel ló ń bọ́ gbogbo wọn.

"Àwọn tó jó àwọ̀n rẹ lo fẹ́ lọ bá dáná?" ni Caroline bi í. "Kí ìyàwó lọ sí mọ́ṣáláṣí, kí ọkọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ọmọ á wá máa lọ síbo?"

Nathaniel kò gbójú sókè níbi tó ti ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ ṣe. "Màámi, ẹ fi í sílẹ̀. Àga ni wọ́n fi rà á."

Ohun mìíràn ló ń dun Nathaniel. Ìgbìmọ̀ ti mú ẹnu odò kan tí ẹja máa ń yé sí, wọ́n sọ ibẹ̀ ní Ìpamọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà títí dé ìparí oṣù kẹjọ, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ju àwọ̀n síbẹ̀. Akínlolú wà nínú àwọn tó fọwọ́ sí i. Ọmọ mẹ́ta wà lọ́rùn Nathaniel, Ìpamọ́ sì ni ibi tí bàbá òun àti Akínlolú ti máa ń pẹja kó tó kú.

"Ṣé àwọn ọmọ mi náà á máa sinmi fún oṣù mẹ́ta bí ẹja?" ni ó máa ń sọ.

Nínú ẹbí méjèèjì, Ùsámà nìkan ló wà lẹ́yìn àwọn olólùfẹ́ yìí. Òun àti Akínlolú jọ ń ṣọ́ Ìpamọ́, wọ́n sì ti di ọ̀rẹ́. "Ẹ ní sùúrù fún ọdún méjì," ni ó wí fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Àwọn àgbà wọ̀nyí, á rẹ̀ wọ́n." Àwọn méjèèjì gbà láti dúró.

Wọn kò dúró dé ọdún kan.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù keje, òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ùsámà àti Akínlolú wa ọkọ̀ lọ sí Ìpamọ́, wọ́n sì bá àwọ̀n kan tí wọ́n dẹ síbẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Ibi tí wọ́n ti ń fà á ni ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan ti já láti inú òjò, tó ń sáré bọ̀ tààrà. Kò yà. Ó gun ọkọ̀ wọn ní ẹ̀gbẹ́ tí Ùsámà jókòó sí, ó sì là á sí méjì.

Akínlolú wọ inú omi lọ, ó jáde, ó tún wọ̀ ọ́ lọ, títí apá rẹ̀ kò fi lè gbé e mọ́. Kò rí Ùsámà. Ọjọ́ kejì ni àwọn ará Ejinrin rí òkú rẹ̀ nínú koríko etí omi. Wọ́n kírun sí i lára, wọ́n sì sin ín kí òòrùn tó wọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ bi Akínlolú ohun tó rí, ó ní, "Òjò pọ̀. Mi ò rí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ náà."

Àwọn ọ̀dọ́ Ẹ̀pẹ́ kò fẹ́ gbọ́ ìyẹn. Saheed, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Ùsámà láti kékeré, kó wọn jọ sí èbúté. Ó ní Ìlàjẹ ló pa á, pé bí wọn kò bá mú apànìyàn náà jáde títí ọjọ́ Jímọ̀, àwọn á lọ jó abúlé wọn kanlẹ̀.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, Toyyibah wọ ọkọ̀ lọ sí abúlé náà. Ó bá Akínlolú níbi tó jókòó sórí pákó lábẹ́ ilé ìyá rẹ̀ tí wọ́n fi òpó gbé sókè lórí omi. Kò tíì pààrọ̀ aṣọ ọjọ́ náà.

"Akin, wò mí lójú. Ṣé o rí i?"

Akínlolú ń wo omi. "Òjò pọ̀."

"Mi ò béèrè òjò."

Omijé bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ lójú rẹ̀ láìsí ohùn kankan.

"Nathaniel ni," ni ó sọ. "Àwọ̀n rẹ̀ là ń fà. Mo rò pé ó fẹ́ fi ọkọ̀ lé wa ni, kí ẹ̀rù lè bà wá. Nígbà tó rí mi nínú omi, ó pe orúkọ mi. Lẹ́yìn náà ló yí ọkọ̀ padà, ó sì lọ."

Toyyibah jókòó sílẹ̀. Ó ronú nípa Ùsámà lábẹ́ omi níbi tí ẹ́ńjìnnì náà ti ń dún lọ lókè. Ìbínú kún inú rẹ̀, ìfẹ́ tó ní sí ọkùnrin tó wà níwájú rẹ̀ kò sì lọ síbì kan. Ohun méjèèjì wà nínú rẹ̀ pọ̀.

"Lọ́la ni ìpàdé," ni ó sọ. "Sọ ọ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi ni, Àwẹ̀ró. Òun ló tọ́ mi."

"Ùsámà ni àbúrò mi. Ọ̀dọ̀ rẹ ló wà nígbà tó kú. Bí o kò bá sọ ọ́, Saheed á jó gbogbo ilé tó wà níbí. Àwọn ọmọ Nathaniel ńkọ́? Ìyá rẹ ńkọ́?"

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, mi ò ní ilé mọ́. Mi ò sì ní ní ìwọ náà."

"Wàá ní mi," ni Toyyibah dáhùn. Nígbà tó ń sọ ọ́, tọkàntọkàn ló fi sọ ọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ìgbìmọ̀ pé sábẹ́ àtíbàbà wọn ní èbúté. Gbogbo abúlé tó wà létí ọ̀sà rán ènìyàn wá. Àwọn Ìlàjẹ jókòó sí apá kan, Caroline àti Nathaniel wà láàárín wọn. Àwọn ọ̀dọ́ Saheed dúró yí àtíbàbà ká.

Akínlolú dìde. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè rárá.

"Òfin tí a jọ ṣe ní kí ẹni tó bá rí ẹni tó ń dẹ Ìpamọ́ wá sọ ọ́, kódà kó jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀. Èmi ni mo ní kí a fi ọ̀rọ̀ ọmọ ìyá yẹn sí i. Ẹ rántí." Ó kọjú sí Alhaji. "Mo purọ́ fún yín lọ́jọ́sí. Mo rí ọkọ̀ náà. Nathaniel, ẹ̀gbọ́n mi, ló wà nínú rẹ̀."

Nathaniel kò sá. Ó wo àbúrò rẹ̀, ó wá tẹrí ba. Àwọn ọ̀dọ́ sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n Alhaji Bísíríyù dìde, ó sì lọ dúró níwájú ẹni tó pa ọmọ rẹ̀.

"Mo ti sin ẹnì kan," ni ó wí. "Mi ò fẹ́ bá yín sin ẹlòmíràn."

Kò kúrò níbẹ̀ títí àwọn ọlọ́pàá fi dé. Nígbà tí wọ́n ti mú Nathaniel lọ, Caroline ṣí gèlè rẹ̀, ó sì fi so ìdí. Ó wá síwájú Akínlolú.

"Ọmọ méjì ni Ọlọ́run fún mi," ni ó sọ. "Ọ̀kan ń lọ sẹ́wọ̀n. Èkejì, mi ò mọ̀ ọ́n."

Ó yí padà, ó wọ ọkọ̀. Àwọn Ìlàjẹ tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó pe Akínlolú pé kó máa bọ̀.

Wọn kò jó abúlé náà. Akínlolú ń sùn sábẹ́ àtíbàbà ìgbìmọ̀. Ní ọjọ́ kẹjọ tí Ùsámà kú, wọ́n pe àwọn àáfà wá ṣàdúrà ní ilé Alhaji, Akínlolú náà sì wá, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri níta. Toyyibah rí i láti ojú fèrèsé. Kó tó lè jáde lọ bá a, ìyá rẹ̀, Kúbúrátù, ti gbé àwo oúnjẹ jáde fún àwọn àlejò, ojú òun àti Akínlolú sì ṣe mẹ́rin.

Akínlolú àti Nathaniel jọra púpọ̀. Iwájú orí kan náà, ẹnu kan náà. Kúbúrátù rọra gbé àwo náà kalẹ̀, ó sì jókòó sórí ilẹ̀.

"Ẹ ní kó máa lọ," ni ó sọ. "Ó ṣeun. Ẹ bá mi sọ fún un pé mo ní ó ṣeun. Ṣùgbọ́n kó máa lọ."

Akínlolú dọ̀bálẹ̀ níbi tó wà, ó dìde, ó sì lọ.

Lẹ́yìn àdúrà, Alhaji pe Toyyibah sí yàrá. Ó ti gbó sí i láàárín ọjọ́ mẹ́jọ. "Èmi gbà," ni ó sọ. "Ẹni tó lè ṣe ohun tó ṣe yẹn, mi ò lè bá a fa ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn mọ́. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ ńkọ́, Toyyibah? Ìwọ nìkan ló kù fún un. Ṣé wàá mú ojú yẹn wá bá a nínú ilé ní gbogbo ọdún iléyá?"

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, Toyyibah kò lọ sí èbúté. Ó ń wá bí yóò ṣe sọ ọ̀rọ̀ tí bàbá rẹ̀ sọ yìí fún Akínlolú, kò sì rí i. Nígbà tó fi máa lọ, àtíbàbà ti ṣófo.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, kò sí ẹnì kan tó ju àwọ̀n sí Ìpamọ́. Ìlàjẹ kò jù ú, Ẹ̀pẹ́ kò jù ú. Nígbà tí wọ́n ṣí i ní oṣù kẹsàn-án, ẹja ọ̀bọ̀kún tó ń jáde níbẹ̀ tóbi débi pé àwọn ìyá àgbà Ọjà Olúwo ní àwọn kò rí irú rẹ̀ láti ìgbà ọmọdébìnrin. Wọ́n ń yin ìgbìmọ̀. Toyyibah ń tà á, ó sì ń gbọ́ ìyìn náà. Nínú oṣù yẹn ni awakọ̀ ojú omi kan, Mojúbàolú, sọ fún un pé òun rí Akínlolú ní Èbúté Ìkòròdú, níbi tí wọ́n ti ń já yanrìn.

Toyyibah lọ ní ọjọ́ kejì. Ó bá a nínú omi tó mu ún dé ìbàdí, ó ń fi apẹ̀rẹ̀ ru yanrìn láti inú ọkọ̀ wá sí etí omi. Ó ti rù, irun rẹ̀ sì kún fún iyanrìn. Nígbà tó rí Toyyibah, ó gbé apẹ̀rẹ̀ náà sílẹ̀.

"Àwẹ̀ró."

"Akin."

Wọ́n jókòó sórí pákó kan. Toyyibah sọ fún un pé àga rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ ṣì ṣófo, pé bàbá òun kò jẹ́ kí wọ́n fi ẹlòmíràn sí i. Ó sọ fún un nípa ọ̀bọ̀kún náà.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Akínlolú sọ.

"Ìyá rẹ ńkọ́?"

"Mo máa ń fi nǹkan ránṣẹ́. Ó máa ń dá a padà." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò. "Oṣooṣù ni mo ń lọ wo Nathaniel. Wọn ò tíì dá ẹjọ́ rẹ̀. Kò tíì jáde sí mi rí. Wọ́n á gba oúnjẹ tí mo gbé lọ, wọ́n á ní kí n máa lọ."

"Jẹ́ kí n wá máa gbé níbí pẹ̀lú rẹ," ni Toyyibah sọ. "Mo sọ fún ẹ pé wàá ní mi."

"Ta ló máa wà pẹ̀lú ìyá rẹ?"

Toyyibah wo apẹ̀rẹ̀ tó wà nílẹ̀.

"Ṣé o lè pe orúkọ mi létí rẹ̀?"

Toyyibah mi orí. Láti ọjọ́ àdúrà yẹn, kò tíì pè é lẹ́ẹ̀kan nínú ilé.

"Nígbà náà, má ṣe jẹ́ kí n tún gba ọmọ kejì lọ́wọ́ rẹ̀," ni Akínlolú wí. "Ilé wa ti gba ọ̀kan."

"Ṣé o kábàámọ̀ pé o sọ ọ́?"

"Ojoojúmọ́. Bí wọ́n bá sì tún bi mí lọ́la, màá tún sọ ọ́."

"Èmi ni mo ní kí o sọ ọ́."

"O ṣe ohun tó tọ́, olólùfẹ́ mi. Mi ò bínú sí ẹ rí, kò tiẹ̀ sí ìgbà kankan." Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti le bí pákó. "Ṣùgbọ́n má wá mọ́. Bí mo bá rí ẹ tí o sì lọ, ó máa gba ọjọ́ púpọ̀ kí n tó lè gbé apẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, torí pé mo ti ń rí ẹ lójú àlá."

Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ yanrìn pè é. Ó dìde, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́, ó sì padà wọ inú omi. Toyyibah kò sunkún níbẹ̀. Inú ọkọ̀ tó ń lọ sí Ẹ̀pẹ́ ló ti sunkún, ó fi ìbòrí rẹ̀ bojú títí wọ́n fi délé.

Ó bá ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ilé, níbi tó ti ń to ẹja sórí ààrò. Kúbúrátù kò gbójú sókè.

"Níbo lo ti ń bọ̀?"

"Ìkòròdú."

Kúbúrátù to ẹja kan, ó to òmíràn. Èéfín ń yọ. Toyyibah dúró, ó ń retí ìbínú.

"Ṣé ó ń jẹun?" ni ìyá rẹ̀ béèrè.

"Ó rù, Ìyá."

Ìyá rẹ̀ fẹ́ iná ààrò. "Mi ò lè rí i," ni ó sọ. "Mo ti gbìyànjú, mi ò lè rí i. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ebi máa pa á."

Ó mú ọ̀bọ̀kún méjì tó tóbi jù lórí ààrò, ó wé wọn sínú bébà, ó sì nà wọ́n sí Toyyibah.

"Bá mi wá ẹni tó ń lọ sí apá ibẹ̀. Má sọ ẹni tó fi ránṣẹ́."

Toyyibah gbà á. Ó jókòó ti ìyá rẹ̀, wọ́n sì jọ to ìyókù ẹja náà tán.